Egungun Ta Ni, Àṣẹ Ta Ni? Ìbọ̀wọ̀ fún Àṣẹ́kù Mímọ́ Àwọn Ajẹ́rìíkú ní Ìjọ Àríwá Áfíríkà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìjọ Kristi ní àríwá Áfíríkà ṣe bu ọlá fún egungun, eérú àti aṣọ àwọn ajẹ́rìíkú, láti ìgbà ikú Cyprian ní ọdún 258 títí di ayé Augustine, ẹni tí ó kú ní ọdún 430. Èrò wa ni pé kì í ṣe bóyá ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún egungun ẹni mímọ́ ni ó dá ìjà tí ó gbóná jù lọ sílẹ̀ ní agbègbè náà. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé egungun kan jẹ́ ti ẹni mímọ́ ni wọ́n jà lé lórí.

Ìfáàrà

Ṣáájú inúnibíni ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 303, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan wà nínú ìjọ Carthage tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucilla. Obìnrin yìí ní egungun kan lọ́wọ́ tí ó gbà pé ó jẹ́ ti ajẹ́rìíkú. Kí ó tó gba Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa nínú ìsìn, a máa kọ́kọ́ fi ẹnu ko egungun náà. Caecilian, tí ó jẹ́ olórí àwọn díákónì nígbà náà, bá a wí ní gbangba. Inú bí Lucilla, ojú tì í, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Optatus, bíṣọ́ọ̀bù Milevis, ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí ó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ wa yìí: ó ní bí ẹni tí ó ni egungun náà bá tilẹ̀ jẹ́ ajẹ́rìíkú, ìjọ kò tíì fi ọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ohun tí ó ti inú egungun kan ṣoṣo yìí jáde pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò lọ. A ó padà sí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ la àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò yé ara wa, kí a sì tọpa àṣà náà dé orísun rẹ̀.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù ń lò fún ohun tí à ń sọ yìí ni reliquiae, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí ó ṣẹ́ kù lọ. Àṣẹ́kù mímọ́ ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Ti àkọ́kọ́ ni ara ajẹ́rìíkú fúnra rẹ̀, yálà egungun, eérú tàbí ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni ohun tí ó fi ara kan ara náà tàbí ibojì rẹ̀: aṣọ, iyẹ̀pẹ̀, òróró inú fìtílà, àní òdòdó orí pẹpẹ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a tètè fi yé òǹkàwé pé egungun tí kò ní àmì ohùn kankan lórí ni à ń wí. Bí a bá fi àmì ohùn òkè sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, iṣẹ́ yìí kò sì kàn án.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó nílò àlàyé ni ìbọ̀wọ̀. Nínú ìwé kẹwàá iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, Augustine ya ìsìn tí ó tọ́ sí Ọlọ́run nìkan, èyí tí àwọn Gíríìkì ń pè ní latreia, sọ́tọ̀ kúrò lára iyì tí ènìyàn lè fún ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣàìní ohun èlò fún irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó júbà àgbà kò wí pé òun ń sìn ín. Nítorí náà, ìbọ̀wọ̀ àti ìbọlá-fún ni a ó máa lò fún ohun tí àwọn ìjọ wọ̀nyí wí pé àwọn ń ṣe. A kò ní lo ìbọ, nítorí pé lílo ọ̀rọ̀ yẹn yóò ti dá ẹjọ́ náà kí a tó gbọ́ tẹnu wọn.

Orísun Àṣà Náà

Ní ayé àwọn ará Róòmù, òkú kò ní àyè láàárín alààyè. Òfin wọn àtijọ́, tí à ń pè ní Òfin Wàláà Méjìlá, kò gba kí a sin òkú tàbí kí a sun ún nínú odi ìlú. Ẹ̀yìn odi, lẹ́bàá ọ̀nà, ni ibojì ń wà. Àwọn Kristẹni ni ó da èyí rú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n lè tọ́ka sí: òkú ọkùnrin tí ó jí nígbà tí ó fi ara kan egungun Èlíṣà, ní Àwọn Ọba Kejì 13:21, àti aṣọ tí a mú kúrò lára Pọ́ọ̀lù lọ fún àwọn aláìsàn, ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 19:12.

Ẹ̀rí tí ó pẹ́ jù lọ lẹ́yìn ìgbà àwọn àpọ́sítélì ni lẹ́tà tí ìjọ Smyrna, tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, kọ nípa ikú bíṣọ́ọ̀bù wọn, Polycarp, ẹni tí a sun nínú iná ní nǹkan bí ọdún 155. Lẹ́tà náà wí pé wọ́n ṣa egungun rẹ̀, wọ́n kà á sí ju òkúta iyebíye àti wúrà lọ, wọ́n tẹ́ ẹ sí ibi tí ó yẹ, wọ́n sì pinnu láti máa péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti ṣe àjọ̀dún ọjọ́ ikú rẹ̀, tí wọ́n pè ní ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ dáhùn sí ẹ̀sùn tí a ó máa gbọ́ títí. Àwọn kan ti bẹ ìjọba pé kí wọ́n má ṣe fi òkú náà sílẹ̀, kí àwọn Kristẹni má baà fi Ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú sílẹ̀ kí wọ́n sì máa sin Polycarp. Èsì ìjọ náà ni pé Ọmọ Ọlọ́run ni àwọn ń sìn, ṣùgbọ́n pé àwọn fẹ́ràn àwọn ajẹ́rìíkú gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ikú Cyprian àti Tábìlì Rẹ̀

Ní Áfíríkà, kò sí ajẹ́rìíkú tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ìlú tí àwókù rẹ̀ wà ní Tùnísíà lónìí. Ní ọdún 257, olú-ọba Valerian fi òfin de ìpéjọpọ̀ àwọn Kristẹni, ó sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti wọ itẹ́ òkú wọn. Ó tọ́ kí a kíyè sí èèwọ̀ kejì yìí, nítorí pé ó fi hàn pé ìjọba mọ̀ pé ní ibojì ni agbára ìjọ wà. Wọ́n lé Cyprian lọ sí Curubis, wọ́n tún mú un padà, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 258.

Àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe bí ó ti ṣẹlẹ̀. Cyprian pàṣẹ pé kí a fún ẹni tí yóò bẹ́ òun lórí ní owó wúrà 25. Àwọn ará ìjọ ju aṣọ ọ̀gbọ̀ àti aṣọ ìnujú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti mọ̀: ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò sórí ilẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n gbé òkú rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là àti ògùṣọ̀ lọ sí itẹ́ òkú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Macrobius Candidianus. Àwọn tí òfin dè ní itẹ́ òkú ni ó ń tan iná lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí àlàáfíà dé, a kọ́ ilé ìjọsìn kan sí ibi tí a ti bẹ́ ẹ lórí, a sì kọ́ òmíràn sí ibi tí a sin ín sí. Pẹpẹ tí ó wà ní ibi tí a ti bẹ́ ẹ lórí ni gbogbo ayé ń pè ní Tábìlì Cyprian. Augustine wàásù níbẹ̀ nígbà kan, ó sì rí i pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé fún ìjọ pé kì í ṣe pé Cyprian jẹun lórí tábìlì náà rí, bí kò ṣe pé ibẹ̀ ni ó ti fi ara rẹ̀ rúbọ. Àlàyé yìí kì bá tí pọn dandan bí àwọn tí ń wá síbẹ̀ kò bá máa gbé oúnjẹ àti ọtí wá.

Egungun Lucilla àti Ìyapa Ìjọ

Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù Carthage kú, ní nǹkan bí ọdún 311, Caecilian náà tí ó bá Lucilla wí ni a yàn sí ipò rẹ̀. Lucilla kò gbàgbé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àádọ́rin láti Numidia péjọ, wọ́n kọ Caecilian, wọ́n sì fi Majorinus, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé Lucilla, jẹ bíṣọ́ọ̀bù dípò rẹ̀. Nígbà tí gómìnà Zenophilus ṣe ìwádìí ní ọdún 320, ẹ̀rí jáde pé Lucilla fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà ní 400 fólísì, owó ìgbà náà. Donatus ni ó jẹ lẹ́yìn Majorinus, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ìhà náà títí di òní.

A kò gbọdọ̀ sọ pé egungun nìkan ni ó fa ìyapa yìí. Àwọn Donatist ní ẹ̀sùn tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n wí pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ọwọ́ lé Caecilian lórí ti fi Ìwé Mímọ́ lé ìjọba lọ́wọ́ ní àkókò inúnibíni. Síbẹ̀, ìtàn Lucilla fi ohun kan hàn. Egungun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun ìní rẹ̀. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àlùfáà kankan kí ó tó ní in, kò sì nílò àlùfáà láti bá a fi ẹnu kò ó. Ohun tí ó bí Caecilian nínú ni pé obìnrin náà ní ọ̀nà sí ìwà mímọ́ tí kò gba ọwọ́ òun kọjá. Kò sì yẹ kí a rò pé ẹnu ìṣẹ́gun ni Lucilla ti sọ tirẹ̀. Optatus, tí ó kọ ìtàn náà, ọ̀tá ìhà rẹ̀ ni.

Ìyapa náà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Nígbà tí a pe ìpàdé ńlá sí Carthage ní ọdún 411, bíṣọ́ọ̀bù ìhà méjèèjì tí ó wá lé ní 500. Ní gbogbo àkókò náà, ìhà kọ̀ọ̀kan ní àwọn ajẹ́rìíkú tirẹ̀. Àwọn Donatist ka ara wọn sí ìjọ àwọn ajẹ́rìíkú, wọ́n sì ń bọlá fún ibojì àwọn tí ọmọ ogun ìjọba pa nínú ìjà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 401, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìhà kejì péjọ sí Carthage, wọ́n sì pinnu pé kí a wó àwọn pẹpẹ tí a mọ sínú oko àti sí ẹ̀bá ọ̀nà ní orúkọ ajẹ́rìíkú, bí kò bá sí ẹ̀rí pé òkú tàbí àṣẹ́kù kan wà níbẹ̀, àti pé kí a kọ gbogbo èyí tí a gbé kalẹ̀ nítorí àlá lásán. Ìpinnu Carthage yìí àti ìbáwí Caecilian, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Abọ́ Monica àti Ìlú Milan

Ìyá Augustine, Monica, jẹ́ ọmọ àṣà yìí láti kékeré. Ní òru ọdún 383 tí ọmọ rẹ̀ tàn án, tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù, ilé ìrántí Cyprian lẹ́bàá èbúté ni Monica sùn sí, tí ó ń gbàdúrà tí ó sì ń sunkún. Nígbà tí ó tẹ̀lé ọmọ náà dé Milan, ó gbé àsáró ọkà, búrẹ́dì àti wáìnì lọ sí ibojì àwọn ẹni mímọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Aṣọ́nà dá a dúró: bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ti fi òfin dè é. Ìdí tí Ambrose fi ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan ni ìmutípara, èkejì ni pé ó jọ oúnjẹ tí àwọn kèfèrí Róòmù ń gbé lọ fún òkú àwọn baba wọn. Monica gbọ́ràn, kò sì jiyàn. Augustine jẹ́wọ́ pé ó ya òun lẹ́nu, ó sì fura pé bí kì í bá ṣe Ambrose tí ìyá òun fẹ́ràn ni ó pa àṣẹ náà, bóyá ni kì bá tètè gbà. Nígbà tí Augustine fúnra rẹ̀ di àlùfáà ní Hippo, tí ń jẹ́ Annaba ní Àlùjíríà lónìí, ó dẹ́kun àsè ibojì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ọdún 395, ṣùgbọ́n kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ó ti rọ Ambrose lọ́rùn.

Ambrose tí ó lé oúnjẹ kúrò ní ibojì ni ó tún gbé egungun wọ inú ìlú. Ní oṣù kejì ọdún 386, olú-ọba Theodosius ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òkú tí a ti sin láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, àti pé a kò gbọdọ̀ gé ajẹ́rìíkú sí wẹ́wẹ́ tàbí kí a tà á. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, nígbà tí Ambrose àti Justina, ìyá olú-ọba kékeré, ń jà lórí ilé ìjọsìn, Ambrose hú egungun Gervasius àti Protasius jáde, ó sì gbé wọn lọ sábẹ́ pẹpẹ ilé ìjọsìn tuntun tí ó kọ́. Ó ti pèsè ibẹ̀ fún òkú ara rẹ̀. Ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ròyìn pé ojú alápatà kan, Severus, tí ó ti fọ́, là lójú ọ̀nà. Augustine wà ní Milan nígbà náà, kò tíì ṣe ìrìbọmi.

Eruku Stéfánù

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó gbọ́ ní Milan, Augustine kò tètè fi ọkàn sí i. Nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 390 lórí ìsìn tòótọ́, ó wí pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí irú iṣẹ́ ìyanu àtijọ́ máa bá a lọ di ayé òun, kí ọkàn ènìyàn má baà máa wá ohun tí ojú lè rí. Ní nǹkan bí ọdún 401, ó fi àwọn ayédèrú mọ́ńkì tí ń kiri ta ẹ̀yà ara ajẹ́rìíkú ṣe ẹlẹ́yà, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ajẹ́rìíkú.

Ohun tí ó yí i padà ti ìlà-oòrùn wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 415, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Lucian wí pé Gàmálíẹ́lì fara hàn òun lójú àlá, ó sì fi ibi tí a sin Stéfánù sí hàn òun, ní abúlé Caphargamala nítòsí Jerúsálẹ́mù. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí Jerúsálẹ́mù. Kò pẹ́ tí eruku àti ègé kéékèèké fi tàn káàkiri. Orosius, àlùfáà ará Sípéènì, gbé díẹ̀ dé erékùṣù Minorca ní ọdún 416, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Evodius, ọ̀rẹ́ Augustine, gba díẹ̀ ní Uzalis; Possidius gba díẹ̀ ní Calama; ó dé Hippo ní nǹkan bí ọdún 424. Díákónì Heraclius fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìrántí síbẹ̀. Òǹkàwé yóò ti ṣàkíyèsí pé àlá ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ọdún mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn ìpinnu Carthage. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bíṣọ́ọ̀bù Jerúsálẹ́mù fi ọwọ́ sí àlá yìí.

Augustine wá di akọ̀wé iṣẹ́ ìyanu. Ó ṣètò pé kí ẹni tí ó bá rí ìwòsàn kọ ọ́ sí ìwé, kí a sì kà á fún ìjọ. Kò tíì pé ọdún méjì tí àṣẹ́kù Stéfánù dé Hippo tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi sún mọ́ àádọ́rin, ó sì wí pé ti Calama pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin pàtàkì kan ní Carthage rí ìwòsàn, ó sì dákẹ́ nípa rẹ̀. Augustine bínú sí i. Nínú ìwé kejìlélógún Ìlú Ọlọ́run, ó to àwọn ìtàn wọ̀nyí jọ. Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù kò tilẹ̀ kan Stéfánù. Aránṣọ arúgbó kan ní Hippo, Florentius, sọ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ nù, kò sì ní owó tí yóò fi ra òmíràn. Ó lọ sí ilé ìrántí Àwọn Ajẹ́rìíkú Ogún, ó sì gbàdúrà sókè pé kí a fi aṣọ wọ òun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ ọ ń tẹ̀lé e, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó lọ tọrọ àádọ́ta fólísì lọ́wọ́ àwọn ajẹ́rìíkú. Ó rí ẹja ńlá kan tí ń jà pìtìpìtì ní etí òkun, ó tà á fún alásè kan ní 300 fólísì, ó sì ń gbèrò láti ra òwú irun àgùntàn kí ìyàwó rẹ̀ fi ṣe aṣọ fún un. Alásè náà la ẹja, ó bá òrùka wúrà nínú rẹ̀, àánú àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run mú un, ó sì gbé òrùka náà fún Florentius, ó ní kí ó wo bí Àwọn Ogún ti fi aṣọ wọ̀ ọ́.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú Augustine fúnra rẹ̀ wúwo jù ú lọ. Paul àti Palladia, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wá láti Kesaríà ní Kapadókíà. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n, ìyá wọn sì ti fi gbogbo wọn bú, láti ìgbà náà ni ara wọn ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, Paul di irin ilé ìrántí Stéfánù mú, ó ṣubú bí ẹni tí ó sùn, ó sì dìde láìgbọ̀n mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Augustine mú àwọn méjèèjì dúró lórí àtẹ̀gùn níwájú ìjọ nígbà tí a ń ka ìwé wọn, ọkùnrin dúró jẹ́ẹ́, obìnrin ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà wọ́n kúrò, Augustine sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Uzalis lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ọpẹ́ bú jáde láti ilé ìrántí: Palladia náà ti dìde. Ìwàásù náà já sí méjì níbi tí ariwo ti gé e, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé títí di òní.

Lójú tiwa, ẹni tí ó bá sọ èyí gbọ́dọ̀ sọ ti Minorca pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 418, lẹ́yìn tí àṣẹ́kù Stéfánù ti ru ọkàn àwọn Kristẹni erékùṣù náà sókè, wọ́n dojú kọ àwọn Júù ìlú Magona, wọ́n sì dáná sun sínágọ́gù wọn. Severus, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, kọ lẹ́tà pé Júù 540 di Kristẹni láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́ Stéfánù. A ka lẹ́tà náà fún ìjọ Uzalis nígbà tí àṣẹ́kù dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ó kú tí ó ń gbàdúrà fún àwọn tí ó sọ ọ́ lókùúta ni a sọ di asáájú ogun.

Ní nǹkan bí ọdún 426, Augustine padà sí àwọn ìwé rẹ̀ láti tún wọn yẹ̀ wò. Nígbà tí ó dé orí èyí tí ó kọ ní ọdún 390, ó ṣàlàyé pé òun kò wí pé kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan mọ́ ní orúkọ Kristi, nítorí pé nígbà tí òun ń kọ ọ́ gan-an ni òun ti mọ̀ nípa afọ́jú Milan tí ojú rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n kò fi àyè gba ohun gbogbo. Nígbà tí Paulinus ti Nola béèrè bóyá ó ṣe òkú láǹfààní pé kí a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ẹni mímọ́, èsì Augustine ni pé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Àdúrà alààyè tí ibẹ̀ mú wá sí ìrántí ni ó ṣe é.

Àwọn Vandal, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Arius, dó ti Hippo ní ọdún 430, Augustine sì kú nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí wọ́n gba Carthage ní ọdún 439, wọ́n gba àwọn ilé ìjọsìn Cyprian pẹ̀lú, àwọn àlùfáà Arius ni ó sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ níbẹ̀. Procopius ròyìn pé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 533, ìrọ̀lẹ́ àjọ̀dún náà, àwọn àlùfáà yìí ti gbá ilé ìjọsìn náà mọ́, wọ́n ti gbé àwọn ọrẹ tí ó lẹ́wà jù kọ́, wọ́n sì ti to fìtílà, nígbà tí ìròyìn dé pé Belisarius, ọ̀gágun olú-ọba Justinian, ti ṣẹ́gun lẹ́yìn ìlú. Wọ́n sá. Àwọn Kristẹni tí a ti lé kúrò níbẹ̀ wọlé, wọ́n bá ohun gbogbo ní títò, wọ́n sì tan àwọn fìtílà náà.